Ṣé Iṣẹ́ Apeku Mọ́?



Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí oògùn. Eku àti ehoro ni wọ́n fi ń dán oògùn tuntun wò níbẹ̀ kí ó tó kan ènìyàn, òun ni ó sì ń pa wọ́n lẹ́yìn ìdánwò. Àwọn kan láàárín wa fi í ṣẹ̀sín, wọ́n sọ ọ́ ní "Apeku". Ó wá bi wá pé: "Ẹ̀yin àgbà, ṣé iṣẹ́ mi mọ́?"

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ni ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nítorí ìrìn àjò. Níbo ni abẹ́rẹ́ náà ti wá? Ní 1927, ní Gold Coast tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí, ibà náà mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gún un sí ara ọ̀bọ kan tí a kó wá láti Íńdíà. Asibi yè; ọ̀bọ kú. Dókítà Adrian Stokes, tí ó wà nínú iṣẹ́ ìwádìí náà, kó ibà yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Láti ara kòkòrò àrùn tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti ṣe oògùn abẹ́rẹ́ náà ní 1937.

Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ ẹran kò gbọdọ̀ bú alápatà. Gbèsè ọ̀bọ yẹn kan gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n a kò wí pé kí a máa ṣe ẹranko bí ó ti wù wá. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni kì í já sí oògùn kankan: ẹran ti kú, àrùn ṣì wà. Àwọn baba wa sì wí pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ní 1959, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì méjì, Russell àti Burch, fi ìlànà mẹ́ta lélẹ̀: bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí a fi ẹranko sílẹ̀, bí kò bá sí, kí iye wọn mọ níwọ̀n, èyí tí a bá sì lò, kí a dín ìrora rẹ̀ kù.

Ọmọ wa jẹ́wọ́ pé lọ́jọ́ tí òun bá pa eku, oúnjẹ alẹ́ kì í wọ òun lẹ́nu. A dá a lóhùn pé: "Ọmọ, má jẹ́ kí ìyẹn tì ọ́ lójú. Lọ́jọ́ tí oúnjẹ bá wọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ náà ni kí o padà wá bi wá bí iṣẹ́ rẹ bá mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ ní Apeku, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa pe ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀.