Ǹjẹ́ Títún Ojú Ṣe Tako Ẹlẹ́dàá?

Bí iwájú ẹyinjú kò bá tẹ̀ dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ kì í pàdé sójú kan, lẹ́tà á sì máa ṣe bàìbàì. Thomas Young, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe irú àìpàdé ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ojú ara rẹ̀ ní 1801. Lónìí, àwọn lẹ́ǹsì kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ń tún irú ìríran bẹ́ẹ̀ ṣe; ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn díẹ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n má baà yí, torí bí wọ́n bá yí, ìríran tún dàrú.

Àwọn kan ní bí Ọbàtálá ṣe mọ ojú ni kó wà, pé àfojúdi ni àtúnṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì kì í yí ẹyinjú padà. Bí a ṣe mọ ojú náà gan-an ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ gbọdọ̀ kọ egbòogi pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ Ẹlẹ́dàá kan náà ló dá ewé. Gbígba kádàrá kò ní kéèyàn kọ ìrànlọ́wọ́.