Ta Ni Ó Ni Ẹ̀bi Ọmọ?

Bí ọmọdékùnrin tí kò ì tí ì hu irùngbọ̀n bá so mọ́ ilẹ̀kùn dáńfó ní Òṣòdì láago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ó ń pe èrò, tí àwọn àgbà ibùdókọ̀ sì ń kọ́ ọ ní igbó mímu, ǹjẹ́ orí tí ó yàn lọ́run ni kí a dá lẹ́bi? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí orí kì í dá rìn, ẹsẹ̀ ní í gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn baba wa sì ti wí pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.

Ìjọba ìbílẹ̀ wà lára igba ojú yẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹni tí owó bá tẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹrù ọmọ ìlú bọ́ sí lórí. Kí wọ́n má sì dúró de ilé àtúnṣe: Borstal tó wà ní Abẹ́òkúta, àwọn ọ̀dọ́ ọdún 16 sí 21 tó ti dáràn ni a kọ́ ọ fún; ọ̀ràn ti bá ọmọ kí ó tó débẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn káńsẹ́lọ̀ bá jókòó pín owó ọdún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ya owó olùkọ́ ìrọ̀lẹ́, ti ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́ àti ti pápá bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ọkọ̀ alága káńsù.