Ta Ló Ń Sanwó Ẹja Tí A Dá Padà Sódò?

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ìwọ̀ kọ́ ẹja lẹ́nu, kí ó fà á jáde nínú omi, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì tún dá a padà, nígbà tó jẹ́ pé láti ilé ni ó ti mọ̀ pé òun kò ní jẹ ẹ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí. Níbi tí a ti ń wá owó gàrí, ta ló ń ro ti ẹja? Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà fa awuyewuye lórí WhatsApp àwa ọmọ Yorùbá inú fẹ́lóṣíìpù yìí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, mo sì rò pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò dáadáa ju bí a ṣe ń jiyàn lórí fóònù lọ.

Bọ̀dá kan tó ti jáde láàárín wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Denver ní Amẹ́ríkà báyìí, ló fi ètò ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́rin rẹ̀ hàn wá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta fẹ́ wa mọ́tò lọ sí Yellowstone, ìrìn tó lé ní kìlómítà 800, láti lọ pàgọ́ kí wọ́n sì pẹja trout. Ẹja odò tútù ni trout, omi gbígbóná kì í bá a lára mu. Bí wọ́n ṣe ń mú un yàtọ̀ sí bí a ṣe ń fi ekòló pẹja nílé. Ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ kòkòrò tó bà sójú omi, wọn a wá jù ú sí ibi tí ẹja ti ń jẹun. Ẹja á rò pé oúnjẹ dé.

Kí n má purọ́, ètò náà wú mi lórí, torí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni mò ń kà, mo sì mọ ìwé ìnáwó tó gún régé tí mo bá rí i. Orí ọkọ̀ ni wọ́n ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà, nítorí náà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò pín in, wọn yóò sì pín owó epo. Wọn kò ní sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Kódà wọn kò ní pàgọ́ sínú ọgbà Yellowstone fúnra rẹ̀, torí owó wà níbẹ̀. Inú igbó ìjọba tó yí i ká ni wọn yóò pàgọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ irú igbó bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè sùn fún nǹkan bí ọjọ́ 14 láìsan kọ́bọ̀, bí kò bá ti ba ibẹ̀ jẹ́. Bọ̀dá kò ra ọ̀pá ìpẹja olówó gọbọi. Ọ̀pá tenkara ti àwọn ará Jàpáànì ni ó rà, èyí tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ká okùn. Wọ́n kàn so okùn mọ́ ṣóńṣó orí ọ̀pá ni. Ẹni tó bá ti fi ọ̀pá ọparun pẹja rí nílé ìyá rẹ̀ àgbà yóò sọ pé, ṣé èyí náà ni wọ́n ń tà? Kò ra ṣòkòtò rọ́bà tí wọ́n fi ń wọ odò, ó ní oṣù Ògúsítì ni, òun yóò fi ṣòkòtò péńpé àti bàtà àtijọ́ wọ inú omi. Ìrẹsì àti gàrí ni wọn yóò gbé lọ, wọn yóò sì tì í pa sínú ibi tó le nítorí béárì, torí ẹranko náà kò mọ̀ pé ènìyàn ń ṣọ́wó ná. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ ìpẹja ti ọgbà náà. Gbogbo dọ́là ni ó kọ sílẹ̀.

Arábìnrin kan tó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran wá béèrè pé, “Bọ̀dá, ẹja mélòó lẹ máa jẹ?” Bọ̀dá ní ó ṣeé ṣe kí ó má sí, torí òfin ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn dá àwọn ẹja ìbílẹ̀ padà. Arábìnrin náà dáhùn pé, “Ẹ̀mí ni, sà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù.”

Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yá lẹ́nu àwọn arákùnrin ni pé ẹja kò mọ ìrora. Ó rọrùn láti sọ, torí ẹja kì í ké. Bí ẹja bá lè ké bí ewúrẹ́, mo rò pé ìdajì àwọn tó ń fi ìpẹja ṣeré ni ì bá ti káwọ́ ró. Ní ọdún 2003, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland tẹ ìwádìí kan jáde lórí oríṣi trout tí wọ́n ń pè ní rainbow trout. Wọ́n rí i pé àwọn iṣan kan wà ní orí ẹja náà tó ń dáhùn sí ohun tó lè ṣe ara léṣe. Wọ́n wá gún oró oyin tàbí ásíìdì ọtí kíkan sí ètè àwọn kan. Àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mí lókèlókè, wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn tó gba ásíìdì ń fi ètè ra òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó padà jẹun. Ṣùgbọ́n ọdún kan ṣáájú, James Rose ti Yunifásítì Wyoming ti kọ̀wé pé ọpọlọ ẹja kò ní apá tí àwa ènìyàn fi ń mọ ìrora, pé bí ara ẹja bá ń jà, kò túmọ̀ sí pé ó ń jẹ̀rora bíi tiwa. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀.

Èmi kò lè dá ẹjọ́ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ tiwa, bí o kò bá mọ̀ bóyá gbèsè kan wà lọ́rùn iléeṣẹ́ tàbí kò sí, o kì í kàn kọ òdo síbẹ̀ kí o sì máa lọ. O ní láti sọ ọ́ jáde nínú ìwé pé ó ṣeé ṣe kí gbèsè wà. Àwọn tó ní ẹja kò mọ ìrora kọ òdo síbẹ̀ torí pé òdo ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn àgbà wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí sáyẹ́ǹsì tó dé: ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi dán ara rẹ̀ wò.

Èkejì ni pé Ọlọ́run ti fún wa ní àṣẹ lórí ẹja òkun. Òótọ́ ni. Ó tún fi ẹja fún wa láti jẹ, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 9. Olúwa wa tó jíǹde pàápàá dáná létí òkun Tìbéríà, ó sì fi ẹja sórí ẹyín iná fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ebi ti ń pa láti òru. Ibì kan ṣoṣo tí ìwọ̀ ti jẹyọ nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Mátíù 17, níbi tí ó ti rán Pétérù lọ sétí òkun nítorí owó orí. Ẹja kan ṣoṣo, nítorí ìdí kan ṣoṣo. N kò ní fi ìyẹn ṣe òfin, ẹ má bú mi. Ohun tí mo ń wí ni pé gbogbo ibi wọ̀nyí ló ní ìdí: oúnjẹ, owó orí, ebi. Kò sí èyí tó sọ nípa ẹja tí a fi ń ṣeré.

Ibi tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ, Deutarónómì 22 ni, níbi tí òfin ti ní bí o bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lọ́nà, o lè kó àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kí o jẹ́ kí ìyá lọ. Bọ̀dá di ibí yìí mú gan-an. Ó ní ohun tí òfin Yellowstone ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn: a ń dá ẹja padà kí ìran rẹ̀ má baà parẹ́. Mo gbà fún un dé ààyè kan. Cutthroat, trout tó ní ilà pupa lábẹ́ àgbọ̀n, ni ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ní ọdún 1994 ni wọ́n rí i pé ẹja àjèjì kan, lake trout, ti wọ inú adágún Yellowstone, ó sì ń jẹ cutthroat ní àjẹrun. Cutthroat máa ń gòkè sínú àwọn odò kéékèèké láti yé ẹyin, ibẹ̀ sì ni béárì àti ẹyẹ idì ti ń rí i jẹ. Ìsàlẹ̀ adágún ni lake trout ń gbé, wọn kò lè rí i mú. Nítorí náà, nínú adágún kan náà, òfin ní kí o dá cutthroat padà láàyè, ó sì ní bí o bá mú lake trout, o gbọ́dọ̀ pa á. Ó ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìran ẹja ni òfin yìí ń wò. Kò wo ẹja kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Owó náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1950 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà, Dingell-Johnson ni wọ́n ń pè é, tó ń gba owó orí lórí àwọn ohun èlò ìpẹja, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó náà sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ láti fi tọ́jú ẹja àti omi. Ẹni tí kò pẹja kò san án. Ọ̀pọ̀ odò tó mọ́ lónìí, owó àwọn tó ń fi ẹja ṣeré wà níbẹ̀. Àwa tí a ń da ọ̀rá píọ́wọ́tà sínú gọ́tà kò lè dìde fi ìka sí wọn lójú.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ inú Deutarónómì, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fi ìwọ̀ gún un lẹ́nu kó tó jẹ́ kó lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹja tí a dá padà ti jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bí omi bá gbóná, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú rẹ̀ kò tó mọ́, òmíràn á lúwẹ̀ẹ́ lọ níṣojú rẹ, á kú lẹ́yìn rẹ. Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Montana fi ń ti àwọn odò kan fún apẹja láti aago méjì ọ̀sán di ọ̀gànjọ́ òru, bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 23°C fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Òfin Jámánì tilẹ̀ béèrè pé kí ìdí tó bọ́gbọ́n mu wà kí ènìyàn tó fa ìrora fún ẹranko, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ sì gbà pé eré lásán kì í ṣe irú ìdí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2008 ni òfin Switzerland ti sọ pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ lọ pẹja pẹ̀lú èrò pé òun yóò dá a padà. Ní tiwọn, bí o kò bá ní jẹ ẹ́, fi í sílẹ̀ nínú omi.

Ó yá mi lára láti gba ti àwọn ará Switzerland. Ohun tó dá mi dúró ni ẹja Titus tó wà nínú ọbẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ tí a ń jiyàn. Àwọ̀n ọkọ̀ ojú omi ńlá ló kó o, àìrí-èémí ló pa á, kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ tútù gbé e. Ẹ̀wà wà nínú yàrá mi, mo lè jẹ ẹ́. Adùn ẹnu ni mo tìtorí rẹ̀ jẹ ẹja. Bí adùn ẹnu tèmi bá jẹ́ ìdí, kí ló dé tí ayọ̀ Bọ̀dá létí odò kò fi ní jẹ́ ìdí? Arábìnrin wa ní oúnjẹ ṣì ni oúnjẹ, ó ń wọ ara, ó ń di okun. Fọ́tò kì í di okun. Ìdáhùn rẹ̀ dára, àmọ́ kò tó mi.

Níbi tí mo dé ni mo sọ fún Bọ̀dá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìsinmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí wọ́n lè sinmi. Ṣùgbọ́n ìwé ìnáwó yín kò pé, sà. Ẹ kọ epo, ẹ kọ àgọ́, ẹ kọ ìwé àṣẹ, ẹ kò kọ ohun tí ẹja máa san. Ẹ fi iye sí i bí ẹ ṣe fi iye sí dọ́là: ẹja méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ fún ẹnì kan, kì í ṣe ọgbọ̀n. Òfin ibẹ̀ ti béèrè ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún lẹ́nu, ìyẹn dára. Ẹ fi omi tutù sọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e kúrò nínú omi nítorí fọ́tò. Ẹ ra tẹ̀mómítà kékeré, kò wọ́n; bí omi bá ti tó 20°C, ẹ ká okùn. Àwọn omi kan wà tí òfin ti gbà kí ènìyàn mú brook trout, torí àjèjì lòun náà níbẹ̀. Ẹ wá ibẹ̀ lọ, ẹ pa á kíákíá, ẹ fi jẹ ìrẹsì yín. Mo rí i pé èyí mọ́ ju kí a mú ogún ẹja kí a sì dá gbogbo rẹ̀ padà ká wá máa pe ara wa ní aláàánú. Ọjọ́ kẹta, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ nínú mọ́tò, kí ẹ kàn jókòó sétí odò.

Arábìnrin wa ní mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bọ̀dá ní òun ti ra tẹ̀mómítà, àwọn sì ti fi ẹnu kò sí ẹja mẹ́ta. Nípa ti ọjọ́ kẹta, títí tí mo fi ń kọ èyí, kò tíì fèsì.