Ẹ Sọ Fún Wa Bí Inú Kànga Náà Ti Rí

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú yín pé kí ni àwọn tún ń ka Súúrà Yusuf sí, nígbà tí àwọn ti wo fíìmù rẹ̀ tán. Eré àtìgbàdégbà tí àwọn ará Ìránì ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 2008 ni ẹ ń wí, alápá 45. A kò sọ pé ẹni tí ó wò ó kò rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí lémọ́mù bá ń ké Súúrà náà nísinsìnyí, ojú ta ni ẹ ń rí? Ojú òṣèré ni. (Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ kò tilẹ̀ fara mọ́ kí òṣèré gbé àwọ̀ Ànábì wọ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ẹ padà sínú Kùránì Alápọ̀ọ́nlé. Ààyá 111 ni Súúrà náà, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ sì kà á sí ìtàn tí ó dára jù lọ. Síbẹ̀, kò dárúkọ obìnrin tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Yusuf, kò sì sọ àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wù jẹyọ: àwọn ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ sí i; obìnrin náà fà á ya lẹ́yìn; wọ́n dà á bo ojú bàbá arúgbó, ojú tí ó ti fọ́ sì là. Ẹni tí ó bá ń kà á ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ rán ẹ̀wù náà. Yóò dúró, yóò bi ara rẹ̀ pé, bí ó ṣe ẹ̀yìn ni ó ti ya, ta ni ó ń sá, ta ni ó ń lé e? Ẹni tí ó ń wòran, wọ́n ti rán tirẹ̀ fún un.

Ti èdè ló ń bà wá lẹ́rù jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéwú tí kò ka nǹkan kan kọjá ìwé ìdánwò, ẹ ní kó sọ ìtàn kan ní Lárúbáwá, gbólóhùn kẹta ni yóò ti há. Ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, á fi Gẹ̀ẹ́sì bù ú là. Irú wọn náà la sì ń retí pé yóò dìde ṣe wáásí lọ́la!

Àwọn àgbà kan ní ilé kéwú a máa sọ pé ìranù ni ìwé ìtàn tí a ń kà fún fàájì. A kò gbà. Kalila wa Dimna, ìtàn ẹranko tí Ibn al-Muqaffa túmọ̀ sí Lárúbáwá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì Híjírà, di òní ni àwọn ọmọ ń ti ibẹ̀ kọ́ èdè tó gún. Ẹ ka bí ajáko ṣe ba àárín kìnnìún àti akọ màlúù jẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó lè gbé e sílẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, Kristẹni ni ó kọ ọ́, iwin sì kún inú rẹ̀. Ẹ di ìgbàgbọ́ yín mú, kí ẹ kó Yorùbá ibẹ̀.

Ní Ọbaníkòró wa yìí, ìwé kò jìnnà. Ẹ sáà yà sí Ṣómólú, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò pàdé yín. Àwọn mìíràn nínú yín ń ká ìwé níbẹ̀, ẹ ń lẹ̀ ẹ́, ẹ ń gé etí rẹ̀, ẹ kò sì ka ojú ewé kan. Ìyẹn dùn wá ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, a ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn Yusuf fún wa, ní Yorùbá tí kò lábùlà. Ẹ kà á kí ẹ tó wá. Ẹ sọ fún wa bí inú kànga náà ti rí.