Gbèsè Ẹni Tí Ó Mọ̀wé Kọ

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí: bí ènìyàn méjì bá fọwọ́ sí ìwé, tí ọ̀kan nínú wọn kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé àdéhùn wà láàárín wọn?

Kì í ṣe àròsọ fún àwa tí a wà ní Thomas Estate, lágbègbè Ajah. Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Ègùn àti Ìlàjẹ ni ó jọ ń gbé níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi ń kọ ìwé ilé àti ìwé ilẹ̀. Ìyá àgbàlagbà yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀wé, ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé yóò ní, “Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, Màmá, kò sí nǹkan níbẹ̀.” Nígbà tí wàhálà bá dé ni a óò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí kò kàwé ni ó jẹ̀bi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ààyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé nígba (282) nínú Súrátù Bákárà, kì í ṣe ti ìrun tàbí ààwẹ̀. Ti kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni. Ó pàṣẹ kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ó má sì kọ̀ láti kọ ọ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni yóò pe ọ̀rọ̀ náà fún un. Bí kò bá lè pè é, kí alámòójútó rẹ̀ pè é lọ́nà ẹ̀tọ́. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe pe ohun tí kò gbọ́? Òfin ìlú wa náà tí ó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní kí ẹni tí ó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì ti kà á, kí ó ti túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ogun Bádírì, ní ọdún kejì Hijira (624), a gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n mọ̀wé kọ fi kíkọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní ìwé ra ara wọn padà, ọmọ mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a) sì ní kí Zaid ọmọ Thabit kọ́ ìwé àwọn Yahudi, kí lẹ́tà wọn lè máa yé òun. Bí ìdajì oṣù ni Zaid fi kọ́ ọ.

Àwa ńkọ́? Ọ̀dọ́ tí ó ti ṣe wòlímọ̀ Àlùkùránì kò lè kọ ìlà márùn-ún ní Yorùbá sí ìyá rẹ̀. Àwọn baba wa gbìyànjú: wọ́n fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá, èyí tí a ń pè ní anjẹmi. Ó ní ìnira, nítorí àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta ni kéwú ní, méje ni Yorùbá ní, kò sì sí “gb” níbẹ̀. Lónìí, lẹ́tà ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ́ fo àmì kan nínú Àlùkùránì ń kọ “oko mi ti baje” ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọkọ ni, ọkọ́ ni, ọkọ̀ ni, àbí oko?

Ẹ má fi èdè ńlá bẹ̀rẹ̀. Kọ ọ́ bí o ṣe ń sọ ọ́: ta ni, níbo, kí ni ó ṣẹlẹ̀, kí ni o ń fẹ́. Ìlà márùn-ún lójúmọ́ tó. Lẹ́yìn náà, kà á sókè fún ẹni tí kò kàwé, ibi tí ó bá ti ní “Báwo lo ṣe wí?”, ibẹ̀ ni kí o tún kọ. (Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ àwa tí a ń mú ṣọ́ọ̀kì lọ.)

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ àsàlátù kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí yóò máa ka ìwé fún àwọn àgbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí yóò kọ kókó rẹ̀ ní Yorùbá fún wọn, tí yóò sì kọ orúkọ ara wọn sí i. Bí ó bá jẹ́ aládùúgbò Hausa ni, kí wọ́n wá ẹni tí ó gbọ́ Hausa. Ẹnì kan ti bi mí bóyá kí wọ́n máa gba owó. Owó bébà àti owó ọkọ̀ tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní in, kí wọ́n kà á fún un bẹ́ẹ̀.