Ọ̀dọ̀ Ta Ni Ẹ̀tàn Yóò Parí Sí?

Ọjọ́ tí ènìyàn bá ra ọkọ̀, tẹbí tọ̀rẹ́ ní í bá a yọ̀. Ìwà rere kò nira fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn: ẹni tó tajà ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó rajà ń dúpẹ́, mẹkáníìkì tó bá wọn yẹ ọkọ̀ wò ń retí owó ọtí. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ la ó tó mọ ọmọlúàbí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹnì kan ra tòkunbọ̀ l'Ékòó, ó dorí rẹ̀ kọ Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe dé Mọ́wè, gíà kò mú mọ́. Ó rọra wọ́ ọkọ̀ sẹ́bàá títì, ó pe ẹni tó tà á fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yẹn ti kọṣẹ́ o. Mo tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ ò lọ."

"Háà, ọ̀gá mi! Ṣebí ẹ̀yin náà mú mẹkáníìkì yín dání? Ó kúkú wà á yípo kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó ṣe wà la ṣe tà á o."

Lóòótọ́ ni mẹkáníìkì wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ẹni tó ń tajà ti ṣíná ọkọ̀ náà kó gbóná sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ bó ṣe ń han nígbà tó bá tutù. Ó ti ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa iná ẹ́ńjìnnì tó máa ń tàn níwájú dẹ́rẹ́bà rẹ́. Ó ti rọ ọ́ìlì tó ki sí i kó má baà yọ èéfín. Ẹ bi í léèrè, yóò búra pé òun ò pa irọ́ kankan. Òótọ́ ni, ẹnu rẹ̀ kò purọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló purọ́. Bí ọmọlúàbí bá sì mọ àbùkù ọjà rẹ̀, kò ní dúró kí wọ́n tó bi í kó tó sọ.

Ká má fi ọ̀rọ̀ gún ẹni tí kò ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti lò fún ọdún gbọọrọ lókè òkun kó tó gba Kùtọnu tàbí èbúté Èkó wọlé, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A kò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónígbájúẹ̀. Ohun tó bá ṣe nígbà tí fóònù bá dún la ó fi dá a lẹ́jọ́. Bó bá gbé e, tó rán mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ wò ó, tó gbà láti dá sí owó àtúnṣe, ó ṣe bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Bó bá pa fóònù, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Mẹkáníìkì ńkọ́? Iṣẹ́ ojú ni wọ́n gbé fún un. Ó fa gééjì ọ́ìlì gíà yọ: ọ́ìlì tó yẹ kó pọ́n ti dúdú, òórùn jíjó ń ta jáde níbẹ̀. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó rí fóòmù funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀, tí í máa ń jẹ́ àmì pé omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ó rí gbogbo rẹ̀, ó ní "Ọkọ̀ dáa," nítorí owó ẹ̀yìn tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ló wúwo jù. Òun nìkan ni ẹni tó rajà fọkàn tán níbẹ̀.

Òfin kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, sílẹ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó ṣeé lò, ó sì fún un láyè láti fẹjọ́ sùn. Kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ pa rìsíìtì rẹ̀ mọ́, kó ya fọ́tò, kó pe àgbà sí i, kó sì kọ̀wé sí àjọ náà bí ẹni tó tajà bá kọ etí ikún. Ìjà ẹ̀tọ́ kò ba ìwà ọmọlúàbí jẹ́.

Ẹni tó rajà náà ní ìdánwò tirẹ̀. Kó tó sanwó, nọ́ńbà ṣásí wà níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó jẹ́ 17 lápapọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, ó lè fi í wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá tàbí omi ti gbé e rí. Èyí tó le jù ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò ní, "Tún un ṣe lóréfèé, kó o tì í sẹ́lòmíràn lọ́rùn." Èébú tó ń bú ẹni tó tà á fún un kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan náà. Bó bá sì gbà, ìyá ọlọ́mọ lè ra ọkọ̀ náà, kó kọṣẹ́ lójú títì márosẹ̀ tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti owó nìyẹn.

Àwọn kan á ní ẹrù ọ̀ràn ẹlòmíràn kò yẹ kó wà lórí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó gbà kí ẹ̀tàn parí sí òun lọ́wọ́, yóò máa rìn láti ilé dé ilé ni. Àwọn mẹkáníìkì wà tí í ra ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ti bàjẹ́. Kó tà á fún wọn pẹ̀lú òótọ́, kó gba owó tó dín.

Àwa tó kù nínú ọjà náà kò mọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwa la sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá la ẹnu sọ fún wa pé gíà ọkọ̀ òun ń já, ká má sáré kúrò níbẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ní tòun dáa ṣáká. Ká dúnàá dúrà, ká yọ owó àtúnṣe kúrò, ká sì júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ń wá ọkọ̀.