Ṣé Máàkì Là Ń Wá Ni, Àbí Òye?

Bí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìwé kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá kiri ju ìwé tí olùkọ́ kọ lọ. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ ni, èyí tí à ń pè ní PQ. Ìbéèrè ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n máa ń dì pọ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ẹni tó bá há a sórí tán, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: ẹni tó kọ́ ìdáhùn sórí láìmọ ìdí rẹ̀, tó sì gba máàkì ẹni tó mọ̀ ọ́n, ǹjẹ́ ó ti ṣe ohun tí kò dára? Kò jí ìwé wò. Kò ra ìbéèrè. Ta ló wá rẹ́ jẹ?

Èmi náà ti ṣe é rí, nítorí náà kì í ṣe ẹjọ́ ẹlòmíràn ni mo ń rò.

Ìdánwò lórí èdè kọ̀ǹpútà ni. Èdè kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ àti òfin tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́. Èyí tí wọ́n kọ́ wa ni C, tí Dennis Ritchie ṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972. Inú PQ tí mo ń há ni mo ti rí ìbéèrè kan: bí a bá ní kí C fi 2 pín 5, kí ni yóò sọ? Ìdáhùn tó wà níbẹ̀ ni 2. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí ọmọdé tó ń ta ọsàn pàápàá mọ̀ pé méjì àbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, epo ti fẹ́ tán nínú jẹnẹrétọ̀, ojú ìwé tó kù fún mi sì pọ̀. Mo há 2 sórí, mo kọjá. Ìbéèrè náà jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Mo kọ 2. Mo gba A.

Nígbà ìsinmi, mo padà sílé ní Ìgbẹ́sà. Ìyá mi ń ta ata níbẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìwé nọ́tì ńlá kan ni akọ̀wé wọn fi ń ṣírò èrè ọdún, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì ni. Màmá mi fi mí yangàn láàárín wọn: "Ọmọ mi gba A nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kó bá wa ṣe é."

Mo jókòó, mo kọ ọ́ ní èdè C. Mo ní kí ẹ̀rọ fi àpapọ̀ owó ẹgbẹ́ pín owó tí ìyá kọ̀ọ̀kan fi pamọ́, kí ó sì fi èrè sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ìyá tó fi 12,000 náírà pamọ́ nínú 480,000 yẹ kó gba 1,500 nínú èrè 60,000. Ẹ̀rọ sọ pé 0. Ìyá kejì, 0. Ìyá kẹta, 0. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, òdo ni.

"Ṣé a ò jèrè lọ́dún yìí ni?" ni ìyá kan bi mí. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo wo ohun tí mo kọ fún wákàtí méjì, n kò rí àṣìṣe kankan. Màmá mi ò bá mi wí. Ó kàn ní kí akọ̀wé lọ gbé ìwé nọ́tì rẹ̀ wá.

Ọjọ́ kẹta ni ó tó yé mi. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ odidi, C máa ń sọ ìyókù nù ni. Bí a bá fi 2 pín 5, ó sọ àbọ̀ nù, ó mú 2. Bí a bá fi 480,000 pín 12,000, èsì rẹ̀ kò tó 1, nítorí náà ó sọ gbogbo rẹ̀ nù, ó mú 0. Òdo tí a bá sì sọ di púpọ̀, òdo náà ni. Ìbéèrè inú PQ yẹn gan-an ni! Mo ti dáhùn rẹ̀, mo ti gba máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wọ aṣọ mìíràn wá bá mi lọ́jà, n kò dá a mọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àkọ́sórí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ni. Odù Ifá jẹ́ 256, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ awo fi ń há ẹsẹ wọn sórí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní ìṣòro bá jókòó síwájú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹsẹ náà ń bá ẹni náà sọ. Baba ńlá wa kò kẹ́gàn àkọ́sórí, wọn kò sì jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ètò ẹ̀kọ́ wa ló fà á: iná kì í dúró, kọ̀ǹpútà kò tó, orí ìwé la ti ń fi bírò kọ ohun tó yẹ ká dán wò lórí ẹ̀rọ, ìbéèrè kan náà sì ń padà wá lọ́dọọdún. Òótọ́ ni èyí náà, ó sì yẹ kí a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà kò bi mí léèrè iná. Èrè wọn ni wọ́n ń retí.

Ìdáhùn tó tọ́ níbì kan lè ba nǹkan jẹ́ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1996, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní French Guiana. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run. Ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú apá kan nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ètò náà ń gbé nọ́ńbà kan sínú àyè tí kò lè gbà ju 32,767 lọ. Lára Ariane 4, nọ́ńbà náà kì í tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n eré Ariane 5 yá ju tàtijọ́ lọ, nọ́ńbà náà sì kún àkúnya. Ìdáhùn ìbéèrè àtijọ́ ni wọ́n fi dá ìbéèrè tuntun lóhùn. Àwọn onímọ̀ gidi ni wọ́n, síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ta ló wá rẹ́ jẹ? Kì í ṣe olùkọ́ tó fún mi ní A. Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀bùn tí a gbà fún iṣẹ́ tó ti kọjá nìkan. Ìlérí ni a ṣe fún ẹni tí a kò tíì rí. Lónìí, ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Ogun-Guangdong Free Trade Zone ní Ìgbẹ́sà níbí, àwọn ọmọ wa sì ń dúró ti ẹ̀rọ níbẹ̀. Bí ẹni tó kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ bá jẹ́ ẹni tó há a sórí lásán, ọwọ́ ta ni ẹ̀rọ yóò gé? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ jó PQ níná. Ẹ kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ wá fi PQ dán ara yín wò. Ẹ yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, kí ẹ béèrè pé kí ló dé tí èsì fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn pẹ̀lú máa ń gbó: ní Python 2, bí a bá fi 2 pín 5, èsì rẹ̀ ni 2, ní Python 3 tó jáde ní ọdún 2008, 2.5 ni. Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè ọdún mẹ́fà sẹ́yìn rí wa lọ́nà tá a ti ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má máa bi wá léèrè máàkì nìkan.

Mo ti tún iṣẹ́ àwọn ìyá yẹn ṣe. Mo lo nọ́ńbà tó ń gba póìntì, mo sì fi ìwé nọ́tì akọ̀wé yẹ èsì rẹ̀ wò lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ìdánwò dé, màmá mi kì í béèrè ohun tí mo gbà mọ́. "Jókòó," ni yóò wí, "kó o ṣàlàyé ohun tí wọ́n bi yín fún mi." Ìdánwò tó le jù nìyẹn, òun ni mo sì ń múra sílẹ̀ fún báyìí.